Agogo Abẹ́ Alùpùpù Orrin

Roxie Brezina ra alùpùpù àlòkù kan lọ́wọ́ Orrin Tveit ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, agogo kékeré kan sì bá alùpùpù náà délé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fún un.

Kì í ṣe pé ó ń wá agogo. Alùpùpù ló ń wá, irú èyí tó wúwo, tó sún mọ́lẹ̀, tí èèyàn ń na ẹsẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Dale, ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ń gùn. Ẹ̀yìn Dale ni Roxie ń jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra títí wọ́n fi kọra sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà etí odò Mississippi tí kò tíì gbà ní apá Wisconsin, ṣùgbọ́n ọrùn Dale ló máa ń rí ju odò lọ. Nígbà tí Dale ń lọ, ó gun alùpùpù náà lọ. Roxie kò sunkún Dale púpọ̀. Ẹkún alùpùpù náà ló sun.

Nígbàkigbà tó bá ti ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ohun kan náà ni Dale máa ń sọ. "Ẹ̀yìn ló bá ẹ mu, Roxie. Bó o bá dé iwájú, màlúù lo máa lọ kọlù."

Lẹ́yìn tí Dale lọ, Roxie lọ kọ́ ọ níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Ó gba ìwé àṣẹ. Ó ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó ń gbà níbi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní ilé àwọn arúgbó. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó rí páálí kan lẹ́bàá ọ̀nà lórí òkè, wọ́n kọ ọ́ sí i pé TÍTÀ NI. Ó yà.

Oko màlúù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù ti tán níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ga, tó tinrín, jáde wá, ó ń di ara ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Tveit."

"Bàbá mi ló ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tveit, ó sì ti kú. Orrin ni mí. Ṣé ọkọ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Mi ò lọ́kọ. Èmi ni mo fẹ́ rà á."

Orrin wò ó láti òkè délẹ̀. Kì í ṣe ìwò burúkú o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. "Wá jókòó lé e. Jẹ́ n rí i bóyá ẹsẹ̀ rẹ máa kanlẹ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa. Alùpùpù náà ti dàgbà. Tánkì rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ìhà kan rẹ̀ sì ti ha. Awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya, ẹnì kan sì ti rán an pa pọ̀.

"Okùn ìpẹja ni mo fi rán an," Orrin sọ. "Ó lágbára ju èyí tí wọ́n ń tà fún un lọ."

"Epo ń kán lábẹ́ rẹ̀."

"Ó máa ń kán. Ọjọ́ tí kò bá kán mọ́ ni kó o bẹ̀rù, á jẹ́ pé epo ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn."

Roxie rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti jìn sínú díẹ̀, bí ìrọ̀rí tí orí kan ti sùn lé fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ ohun tó fà á, nítorí òun náà ti ṣe irú rẹ̀ sára ìjókòó Dale. Obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀ pẹ́.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ló rí agogo náà. Kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ó so rọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ilẹ̀, ó sì ti dúdú fún èéfín àti ẹrẹ̀.

"Agogo wà níbí," ó sọ.

Orrin kọjú sí ògiri, ó ń wo ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń bá a lọ," ó sọ, ó sì wúkọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tà á?"

"Orúnkún."

Roxie sanwó, wọ́n bọwọ́, ó di tirẹ̀. Twyla, tí wọ́n jọ ń fọ aṣọ níbi iṣẹ́, tí òun náà ń gun alùpùpù kékeré kan láti ìgbà èwe rẹ̀, fi ọkọ̀ tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Roxie rọra ń lọ débi pé katakata kan ya wọ́n sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún.

"Ṣé ó jí?" Orrin bèèrè. Kò kí i.

"Kò dáhùn. Ó kàn ń wúkọ́ ni."

"Ṣé o fa ṣóòkù jáde?"

"Mo fa ọ̀pá kékeré náà."

"Ṣé o ń fún un lépo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Má fún un! Kò fẹ́ kí wọ́n da òun láàmú láàárọ̀. Fa ṣóòkù, tẹ bọ́tìnnì, kó o sì ká ọwọ́ rẹ kúrò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, fi sílẹ̀ kó kùn. Lọ mu kọfí. Tó o bá padà dé, ara rẹ̀ á ti yá."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Orrin ń pè láràárọ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń bèèrè. Roxie á gbé fóònù sún mọ́ ẹńjìnnì kó lè gbọ́ ọ. Orrin á gbọ́, á ní ó dáa, á gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó yá, Roxie kì í bẹ̀rẹ̀ sí í mu kọfí kí bàbá náà tó pè.

Ó ń mọ alùpùpù náà. Ó mọ̀ pé jíà kejì rẹ̀ le, pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi gìgísẹ̀ ta á nípàá gidigidi. Ó mọ̀ pé bírékì ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ké tí òjò bá ti rọ̀. Ó ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu àárín irin rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sì ń bá a wí bó ṣe ń nu ún. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe. Ní ojú ọ̀nà etí odò, gbogbo ẹni tó bá ń gun alùpùpù bọ̀ níwájú ni yóò na ọwọ́ òsì rẹ̀ sísàlẹ̀, ìka méjì sí ọ̀dà ojú títì, láti kí ẹni tó ń pàdé. Roxie kò lè tú ọwọ́ sílẹ̀. Orí ló ń mì sí wọn.

"Wọ́n á ní o ń gbéra ga," Twyla sọ fún un.

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mo di ọwọ́ alùpùpù mú kí n má bàa kú ni."

Ó ṣubú ní oríta ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ṣì wà níbẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó gbá a. Roxie ń yà wọlé jẹ́jẹ́, ó ń wo òkúta náà, táyà iwájú sì yọ̀ lé e lórí. Alùpùpù náà sùn sílẹ̀ bí màlúù tó ti rẹ̀. Roxie náà sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ bó.

Àwọn ọkùnrin sá jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá a gbé e dìde. Ọ̀kan nínú wọn gbọn eruku kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyáàfin, ṣé kì í ṣe pé alùpùpù yìí ti tóbi jù fún yín báyìí?"

"Rárá," Roxie sọ. "Òkúta yín ló ti kéré jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gùn ún padà: ó pe Twyla, òun ló sì bá a gùn ún lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún Orrin pé àwọn ṣubú.

"Ṣé ó farapa?"

"Tánkì rẹ̀ ha. Ẹ ò bèèrè èmi?"

"Mò ń gbọ́ ohùn rẹ, o ò tíì kú. Ta ló gbé e dìde?"

"Àwọn ọkùnrin kan."

"Kò dáa. Ìwọ ni kó o máa gbé e. Gbọ́ mi: kọ ẹ̀yìn sí i. Bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Fi ìdí tì í, di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, di abẹ́ ìjókòó mú pẹ̀lú ìkejì, kó o wá máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Má fi eegun ẹ̀yìn gbé e. Ẹsẹ̀ lagbára wà. Ìyẹn nìkan kọ́. Má wo òkúta mọ́. Ibi tó o bá ń wò ni alùpùpù ń lọ. Ibi tí ò ń lọ ni kó o máa wò."

Roxie ní òun ti gbọ́. Ó fi tapólì bo alùpùpù náà, kò sì gùn ún mọ́. Láràárọ̀, tí Orrin bá bèèrè bóyá ó jí, Roxie á ní ó jí. Kò gbé fóònù sún mọ́ nǹkan kan mọ́.

Níbi iṣẹ́, òun àti Twyla ń ká aṣọ ibùsùn, ẹnì kan di etí kan mú, ẹnì kejì di ìkejì.

"Ta ló fún ẹ ní agogo tó wà lábẹ́ alùpùpù rẹ?" Twyla bèèrè.

"Ó bá a wá ni."

Twyla jọ̀wọ́ aṣọ ibùsùn sílẹ̀. "Ó bá a wá? Kí ni bàbá yẹn sọ gan-an? Bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ó ní gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń bá a lọ."

"Yéè! Ó tà á nìyẹn. Ó ta agogo! Roxie, o jókòó lẹ́yìn Dale látọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ rí?"

"Dale kì í sọ nǹkan kan fún mi. Sọ ọ́, má wò mí bẹ́ẹ̀."

Twyla sọ ọ́. Àwọn iwin kéékèèké wà lójú ọ̀nà. Wọ́n máa ń fò mọ́ ikùn alùpùpù, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á pa iná, wọ́n á yọ táyà. Agogo ni wọ́n fi ń mú wọn. Tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀, ariwo rẹ̀ á sọ wọ́n di wèrè, wọ́n á já bọ́. Ibi tí wọ́n bá já bọ́ sí ló ń di kòtò. Ìdí tí ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi rí bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n agogo tí èèyàn fowó ara rẹ̀ rà kì í mú nǹkan kan. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ fúnni, ọwọ́ ẹni tó fúnni ló sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọn. Ẹni tó bá ta alùpùpù rẹ̀ á tú agogo rẹ̀ tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu pé òun fún ẹni tó rà á.

"Èyí tí wọ́n tà burú ju kéèyàn má ní rárá," Twyla sọ.

"Irin lásán ni."

"Irin lásán ni alùpùpù náà, òun náà ló jù ẹ́ sílẹ̀."

Roxie kò gba iwin gbọ́. Kì í gba ọ̀pọ̀ nǹkan gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há a láyà, ìdí rẹ̀ sì ni pé kò sẹ́ni tó fún un ní alùpùpù rí, kò sẹ́ni tó ní kó wá síwájú. Ó ti fowó ra àyè rẹ̀, ó ti ṣubú kúrò lórí rẹ̀, agogo abẹ́ rẹ̀ pàápàá kì í ṣe tirẹ̀. Bóyá òótọ́ ni Dale sọ. Ó pinnu pé òun á dá agogo náà padà, tí Orrin bá sì gbà á, òun á ní kó gba alùpùpù náà pẹ̀lú.

Ọjọ́ Sátidé, ó wọ abẹ́ tapólì, ó tú agogo náà, ó fi í sápò. Ọkọ̀ ló wà lọ sórí òkè.

Orrin wà ní kíṣìnnì, ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Roxie gbé agogo náà ka orí tábìlì.

"Ẹ gbàgbé eléyìí sára rẹ̀."

"Mi ò gbàgbé."

"Ṣé ẹ tà á ni?"

"Ta ló ń ta agogo?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ ò ní ẹ fún mi."

Orrin gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. "Bernadine ló fún mi. Ìyàwó mi, kó tó kú. Mo fẹ́ tú u kó o tó dé lọ́jọ́ yẹn. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n dé ilẹ̀. Mo fi igi ìgbálẹ̀ gbìyànjú, kàkà kó já, ó kàn ń dún. Mo dúró síbẹ̀ mò ń fi igi ìgbálẹ̀ lu agogo bí wèrè."

"Ẹ ò bá ti ní kí n bá yín tú u."

"Kí n sọ fún obìnrin tí mi ò mọ̀ rí pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ò bá wá ní ẹ fún mi."

"Tí mo bá sọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn." Ó fi ìka yí agogo náà po lórí tábìlì. "Mi ò lè tú u, mi ò sì lè fúnni. Mo bá wo ara ògiri, mo sọ̀rọ̀ òmùgọ̀."

Roxie jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Ẹ gbà á. Mo máa gbé alùpùpù náà wá pẹ̀lú. Mi ò gùn ún mọ́ látìgbà tí mo ti ṣubú."

"O ní ó ń jí láràárọ̀."

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀." Orrin gé wàràkàṣì díẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. "Bernadine fẹ́ gùn ún. Ó máa ń bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ló bá a mu."

"Ohun tí ọkọ mi sọ nìyẹn. Ohun tó sọ gẹ́lẹ́."

"Òmùgọ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà."

"Èmi náà." Ó gba agogo náà sọ́wọ́. "Lọ gbé e wá."

"Màá bẹ Twyla kó bá mi fi ọkọ̀ fà á."

"Mi ò ní kó o fà á. Gùn ún wá."

Roxie jẹ wàràkàṣì náà tán kó tó dìde. Ó lọ sílé. Ó ká tapólì kúrò, ó fa ṣóòkù, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹńjìnnì náà kùn, ó kùn títí, ó wá yá. Ó gùn ún jáde. Nígbà tó dé oríta ibi oúnjẹ màlúù, òkúta ṣì wà níbẹ̀, kò sì wò ó. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì ló ń wò, alùpùpù náà sì yí lọ bẹ́ẹ̀. Ó gun òkè.

Orrin ti dúró níta pẹ̀lú agogo, páláyà tó fẹ́ fi dè é lọ́wọ́. Ó ti fọ agogo náà. Àwọ̀ fàdákà ni, Roxie kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ fún mi kí n so ó."

"Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń so ó. Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ni?"

"Orrin, orúnkún yín."

"Dákẹ́, ọmọ yìí."

Ó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó rọra kúnlẹ̀ sórí òkúta. Roxie gbọ́ ohùn tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ṣe, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Orrin kò ké. Ó mí, ó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó so agogo náà, ó fi páláyà dè é pinpin, ó sì fi ìka ta á kó dún.

"Mo fún ẹ, Roxie Brezina," ó sọ láti abẹ́ ibẹ̀. "Èmi àti Bernadine."

Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Roxie ní ẹ ṣé.

Lẹ́yìn náà ni Orrin fẹ́ dìde, kò sì lè dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ má mira," Roxie sọ. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, ó fi apá kọ́ apá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Orrin ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kérora, ó sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀.

"Ṣé alùpùpù lo fi mí pè ni?"

"Alùpùpù ò sọ̀rọ̀ tó báyìí. Ẹ jókòó síbí."

Ìjókòó ẹ̀yìn ló sún mọ́ wọn jù, ibẹ̀ ni Orrin jókòó sí, sínú àyè tó jìn yẹn. Kò jókòó síbẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ra alùpùpù náà. Ó yí ìdí pa dà, ó tún yí i pa dà.

"Ó mà le o," ó sọ. "Ṣé bó ṣe ń rí nìyí látọjọ́ yìí? Bernadine ò sọ fún mi rí."

"Ó sọ fún yín. Ariwo ẹńjìnnì ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́."

Nígbà tí Roxie ń padà sílé lọ́jọ́ náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan pàdé rẹ̀ ní etí odò, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sísàlẹ̀. Roxie tú ọwọ́ sílẹ̀, ó na ìka méjì sí ọ̀dà. Ó gbọ́ agogo lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó gun orí kòtò kan.

Orúnkún ọ̀tún Orrin kò bọ̀ sípò mọ́. Dókítà wò ó, ó ní nǹkan tó ti fẹ́ já tẹ́lẹ̀ ti já pátápátá báyìí, pé ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò sí ohun tí òun máa rán níbẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ di ohun tí kò lè gùn, ó gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí pálọ̀, ọ̀pá méjì ló sì fi ń rìn. Ọjọ́ Ẹtì ni Roxie ń fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń din ẹja. Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti fi bíà ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí àwọn ọ̀pá náà, tó bi í léèrè pé èló ló ta alùpùpù yẹn tó fi wá rí báyìí.

"Alùpùpù, mo tà á," Orrin sọ. "Agogo, mo fún un ni. Agogo yẹn ló gba orúnkún lọ́wọ́ mi."